Ọwọ́ Tí Mo Ní Nìyí

Túbọ̀sún, akọ̀wé ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, ṣí ìdérí páàdì yíǹkì, ó sì tì í síwájú obìnrin tó jókòó ní òdìkejì tábìlì rẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ka síbí, Mama," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká tètè parí ẹ̀. Èrò pọ̀ lẹ́yìn yín."

Adéfúnmiláyọ̀ Akínyẹlé wo yíǹkì náà. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ bí a ṣe ń kọ orúkọ ẹni. Àwọn tó mọ̀ mọ́ ìtẹ̀ka ni àwọn ìyá àgbà tó máa ń wá forúkọ ọmọ-ọmọ wọn sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n á fi àtàǹpàkò pamọ́ sínú ìró títí wọn yóò fi jáde ní ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bá wọn di ọwọ́ náà mú.

"Mo mọ̀wé kọ," ó wí.

Ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà tí àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú un, apá ọ̀tún ẹnu rẹ̀ ti wálẹ̀ díẹ̀, ó sì ní láti máa to ọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń to abọ́ tí kò fẹ́ kó fọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ká kò lórí itan rẹ̀. Ọ̀pá rẹ̀ fara ti orúnkún.

Túbọ̀sún kò bínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ara tọ́jú ni, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bíi ti ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ pé Mama ò mọ̀wé. Ó ṣí fáìlì, ó tọ́ka sí ibi tí Mama ti fọwọ́ síwèé ní ọdún 1962, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́: lẹ́tà tó dúró ṣánṣán, tí wọ́n fa ìrù gígùn kan sí lábẹ́. Ó wá gbé fọ́ọ̀mù tí Mama ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òsì fọwọ́ sí láàárọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn lẹ́tà ti òní fẹ̀yìn tì bí ọgbà tí òjò ti rọ̀ lù.

"Ẹ wò ó fúnra yín, Mama. Ẹni méjì ló kọ èyí."

Fọ́ọ̀mù náà ni ti ìpadàsẹ́nu-iṣẹ́. Dókítà ti kọ̀wé pé ara rẹ̀ ti le tó láti kọ́ ọmọ, ìwé dókítà sì wà nínú fáìlì. Ohun tó kù ni kí wọ́n gba ìfọwọ́sí rẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì dá a padà sí kíláàsì kejì tó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ náà kò bá bá ti àtijọ́ mu, Túbọ̀sún ní, fáìlì kò lè gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Bí ó bá tẹ̀ka, á gòkè.

"Tó bá wá gòkè ńkọ́?"

Túbọ̀sún rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ò ní purọ́ fún ẹni tó tó ìyá òun: bí wọ́n bá rí àtàǹpàkò lókè, wọ́n á béèrè báwo ni ẹni tó ń tẹ̀ka ṣe fẹ́ máa kọ́ ọmọ níwèé. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ síbi àga gígùn tí àwọn olùkọ́ mìíràn jókòó sí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àmọ́ ọ̀nà wà. Ọwọ́ méjèèjì yìí, èmi lè rí i pé wọ́n jọra. Ojú mi ṣáà ni. Ẹ wá wa rí lọ́sàn-án, lẹ́yìn ilé níbẹ̀ yẹn. Àwọn tó wà lókè náà níyàwó, wọ́n lọ́mọ."

Adéfúnmiláyọ̀ ń wo àwọn lẹ́tà tó fẹ̀yìn tì náà. Òun nìkan ló mọ ohun tó ná òun kí wọ́n tó lè dúró tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ní oṣù Kejì ọdún 1990 ni ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú kíláàsì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ọwọ́ náà kò sì tẹ̀lé e. Ó tún gbìyànjú. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé Mà ń bá wọn ṣeré ni. Nígbà tó fi máa ṣubú, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu àwọn tó wà lẹ́yìn.

Nígbà tó kúrò ní ọsibítù, àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ilé ní Ìtìrẹ́ wá kí i, ojú wọn kò sì kúrò lára ọwọ́ náà. Àwọn kan ní wọ́n rán an sí i ni. Àwọn kan ní ìrònú ni: ọkọ kú, ọmọ kan ṣoṣo kú, kí ni kò ní rọ èèyàn lápá? Ó ra ìborùn dúdú kan, ó fi bo ọwọ́ náà, nínú ooru, láàárọ̀, lọ́sàn-án.

Èyí tó kù fún un kò sì jẹ́ ọwọ́ tó ṣeé nà síta. A kì í fi òsì kí àgbà. A kì í fi gba nǹkan. Gbogbo ibi tó bá dé, ohun tó ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni o." Ní ọjà Tejúoṣó, obìnrin kan tó ń ta òwú ìránṣọ kọ owó rẹ̀. Ó ní òun ò tíì tajà àkọ́kọ́, kí ó má fi òsì ba ọjọ́ òun jẹ́. Adéfúnmiláyọ̀ kó owó rẹ̀ padà, ó sì bẹ obìnrin náà.

Kò lè bínú sí i. Òun fúnra rẹ̀ ti ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú kíláàsì rẹ̀, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ fi òsì kọ̀wé. Ríbọ́ọ̀nù funfun kan wà nínú tábìlì rẹ̀ fún irú wọn. Ọmọ tí òsì bá ń yá jù, Adéfúnmiláyọ̀ á di ọwọ́ náà mọ́ ẹ̀yìn àga títí ọ̀tún yóò fi gbọ́n. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun náà nílé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì nìyẹn, àwọn òbí sì máa ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Ọmọ́táyọ̀, ọmọ bíbí inú rẹ̀, kọ́kọ́ fi òsì mú pẹ́ńsù, gèlè orí rẹ̀ ló tú tó fi di tirẹ̀.

Ọ̀tún Táyọ̀ gbọ́n. Ó ń kọ̀wé bí ìwé títẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí ibà gbé e lọ. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, lórí ibùsùn ọsibítù, ó na ọwọ́ òsì sí ife omi. Kò sí agbára lára rẹ̀ mọ́ láti rántí èwo ló yẹ kó nà. Ìyá rẹ̀ gbé ife náà sí apá kejì. Táyọ̀ wò ó. Ó fi ọ̀tún mu omi náà.

Ìyẹn ló ń rò ní gbogbo ọ̀sán tó fi jókòó nídìí fèrèsé, síléètì lórí itan, tó ń kọ́ òsì ara rẹ̀ ní a, b, d. Oṣù mẹ́rin ló fi ṣe é. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n, ó ń sáré níbi tó yẹ kó rọra, ó sì máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa ohun tó bá kọ rẹ́. Ó bú u bí ó ti ń bú àwọn ọmọ. Lọ́jọ́ kan ó kọ lẹ́tà t kan, ó gbé ojú kúrò, ó tún wò ó. T náà fẹ̀yìn tì, orí rẹ̀ sì gùn jù lápá kan. Ó mọ ẹni tó ń kọ t bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Táyọ̀ ṣe ń kọ ọ́ kí òun tó fi gèlè dè é.

Ó jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Kò pa á rẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó kọ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kò sì bú ọwọ́ náà mọ́.

Ìborùn ṣì wà lórí ọ̀tún nígbà náà. Ọ̀gbẹ́ni Àkàngbé ló ní kí ó ká a kúrò. Onígbàjámọ̀ ni ní Múṣín, ẹni ọgọ́ta ọdún, tí irú àìsàn kan náà mú lápá kan náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń pàdé ní ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ń na apá àti ẹsẹ̀ wọn, òun àti Àkàngbé àti Jemilat, ọmọbìnrin kan tí tirẹ̀ mú un lẹ́yìn ìbímọ, tó ń fi eyín àti ọwọ́ kan di ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tó ń sunkún. Àkàngbé kì í jẹ́ kí ẹkún wọn lọ jìnnà.

"Tíṣà," ó sọ fún un lọ́jọ́ kan, "kí lọwọ́ yẹn jí gbé?"

"Ọwọ́ wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi pamọ́. Ẹ yọ ọ́ síta kó gba afẹ́fẹ́. Kò jalè. Tèmi rèé, ó ti fẹ̀yìn tì, wọn ò sì fún un ní kọ́bọ̀."

Jemilat rẹ́rìn-ín débi pé ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jí. Adéfúnmiláyọ̀ náà rẹ́rìn-ín, apá kan ẹnu rẹ̀ nìkan ló sì tẹ̀lé e. Ó ká ìborùn náà, ó fi sínú àpò. Láti ọjọ́ náà kò bò ó mọ́. Nígbà tó tún dé Tejúoṣó, ó na owó sí olówùú pẹ̀lú òsì, kò bẹ̀bẹ̀. Obìnrin náà wò ó lójú, ó sì gbà á.

Nítorí náà, nígbà tí Túbọ̀sún tún fi ìka ti páàdì yíǹkì náà síwájú, Adéfúnmiláyọ̀ pa ìdérí rẹ̀ dé.

"Ọwọ́ tí mo ní nìyí," ó ní. "Òun ni mo fi máa kọ ọ́."

Ó fa fọ́ọ̀mù náà sọ́dọ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì kí ó má yẹ̀, ó sì fi òsì gba báírò lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà láìdúró kí ó fi lé e lọ́wọ́. Kò ké orúkọ rẹ̀ kúrú bíi ti 1962. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ pátá, Adéfúnmiláyọ̀ Akínyẹlé, ó sì ń fi àmì sórí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí àga gígùn, ẹnìkan pòṣé pé ọjọ́ ń lọ. Ẹlòmíràn ní kí ó fi Mama sílẹ̀. Ó ń kọ. Nígbà tó dé orí l kejì, gbogbo wọn ti ń na ọrùn wò ó.

"Mama, mo ṣáà ti sọ fún yín pé wọn ò ní gbà á."

"Ó kù díẹ̀. Ohun tí o ní kí n mú wá lọ́sàn-án, kí lorúkọ rẹ̀?"

"Kí lẹ wí?"

"Lẹ́yìn ilé. Fún àwọn tó níyàwó tí wọ́n lọ́mọ. Sọ ọ́ sókè kí n lè kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ mi. Ṣé o rí i, ọwọ́ mi kò yá, àmọ́ màá kọ ọ́ tán."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín lórí àga gígùn náà. Túbọ̀sún gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀ wéré, ó tì í bọ inú fáìlì, ó sì pa fáìlì dé. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ó ní kí ó máa lọ sílé, wọ́n á kọ̀wé sí i.

Wọ́n kọ̀wé lóòótọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé pé nítorí àìlera ara àti àìlèfọwọ́síwèé bó ti tọ́, wọ́n ti fún un ní ìsinmi kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n dúpẹ́ fún iṣẹ́ tó ti ṣe. Wọ́n ti yan Ọ̀gbẹ́ni Sylvester Ọ̀jẹ̀túndé sí kíláàsì rẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ.

Ó mú lẹ́tà náà lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Jemilat kà á sókè, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀ bó ti ń kà á. Àkàngbé jẹ́ kí wọ́n na apá òun tán. Ó wá sọ fún un pé òun ti padà sí ṣọ́ọ̀bù òun láti oṣù tó kọjá. Nígbà tí àwọn oníbàárà rí abẹ lọ́wọ́ òsì òun, wọ́n sá. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀, wọn kò bọ̀.

"Kí lẹ wá ṣe?" ó bi í.

"Mo jókòó síwájú dígí, mo fá orí ara mi. Mo gé e níbi mẹ́ta. N ò bẹ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń kọjá dúró wò mí. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan jókòó." Ó tẹ orí rẹ̀ síwájú kí ó lè rí àpá mẹ́ta náà. "Tíṣà, wọ́n ti rí yín níbi tẹ́ ẹ ti ń kọ orúkọ sínú ìwé. Ṣé wọ́n ti rí yín níbi tẹ́ ẹ ti ń kọ́mọ?"

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ohun tó bá lọ tọ́ bó ṣe yẹ: olùkọ́ kì í kàn fi kíláàsì sílẹ̀, ó ní láti fà á lé ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́, kí ó sọ fún un ọmọ tí etí rẹ̀ dùn ún àti ọmọ tí kì í jẹun wá láàárọ̀. Ó tó ìdajì wákàtí kí ó tó gun àtẹ̀gùn mẹ́fà ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Sylvester kò tíì dé. Ọmọ méjìdínlọ́gọ́ta ló wà nínú kíláàsì, wọ́n ń pariwo, eruku ti bo pátákó. Ó dúró dè é títí aago mẹ́sàn-án. Nígbà tó rí i pé kò dé, ó mú ṣọ́ọ̀kì pẹ̀lú òsì, ó sì kọ ọjọ́ sókè pátákó. Àwọn lẹ́tà náà fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin kan ní iwájú tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti kà á, ó sì kà á tán.

Ọ̀gbẹ́ni Sylvester kò dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò dé títí ọ̀sẹ̀ fi parí, kò sì dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Adéfúnmiláyọ̀ ń wá lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ mẹ́rin nínú kíláàsì náà ń fi òsì kọ̀wé. Ó rí wọn ní wákàtí àkọ́kọ́. Ó rìn lọ síbi tí àkọ́kọ́ wọn jókòó, ọmọ náà sì yára gbé pẹ́ńsù sí ọ̀tún, ojú rẹ̀ kún fún ìbẹ̀rù.

"Dá a padà síbi tó wà," ó sọ fún un. Ó fi ọwọ́ òsì tirẹ̀ bo ti ọmọ náà, wọ́n sì jọ kọ lẹ́tà kan.

Alhaja Shakirat Tìrìmísíyù, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ń ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti ìgbà tí wọ́n jọ wà ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Ṣùgbọ́n ìdílé rẹ̀ pọ̀, ó sì ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìn tì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, ìránṣẹ́ láti ọ́fíìsì máa ń wá gbé rẹ́jísítà tí àwọn olùkọ́ ń fọwọ́ sí láràárọ̀ lọ. Ní ọjọ́ Ajé, ó máa ń dá a padà. Alhaja kì í bi í léèrè nǹkan kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó wọ inú kíláàsì wá ní agogo mẹ́wàá, rẹ́jísítà náà lábíyá rẹ̀, ìwé kan lọ́wọ́. Adéfúnmiláyọ̀ ń kọ ìtàn kan sórí pátákó fún àwọn ọmọ láti dà kọ. Ó ti kọ ọ́ dé ìdajì.

"Ìyá Táyọ̀," Alhaja ní, "wọ́n ti gbọ́. Wọ́n kọ̀wé sí mi láàárọ̀ yìí pé àjèjì kan ń wọ kíláàsì. Wọ́n ní kí n lé e jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi náà á lọ." Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá ṣe é."

"Ta ló ń kọ́ wọn, tí mo fi jẹ́ àjèjì?"

Alhaja ṣí rẹ́jísítà náà, ó sì gbé e sórí tábìlì níwájú rẹ̀.

Orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Sylvester Ọ̀jẹ̀túndé wà níbẹ̀, láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó ti fọwọ́ sí i lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, aago méje ààbọ̀, kò pẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Adéfúnmiláyọ̀ tẹ orí ba ìwé náà, ó sì wò ó gẹ́gẹ́ bó ti ń wo ìwé àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ọwọ́ tó dára ni. Gbogbo lẹ́tà dúró ṣánṣán. Ti ọjọ́ kìíní àti ti ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún bá ara wọn mu, kò sí ibi tí èyíkéyìí ti gbọ̀n. Fáìlì rẹ̀ ti ní láti gòkè wọ́ọ́rọ́.

"Ẹ pè é wọlé," ó ní.

"Ta ni?"

"Ọ̀gbẹ́ni Sylvester. Tó bá ti wọlé, màá fa ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́, màá sì jáde."

Alhaja pa rẹ́jísítà náà dé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti gbọ́ orúkọ náà. Wọ́n gbọ́ pé ọkùnrin kan ń bọ̀ wá kọ́ wọn, àwọn méjìdínlọ́gọ́ta sì yí ojú sí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó wà lẹ́yìn dìde dúró kí wọ́n lè rí i dáadáa. Wọ́n wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n wo àtẹ̀gùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Wọ́n wò ó títí ó fi di pé àwọn kan tún jókòó.

Ọmọbìnrin tó wà níwájú ló kọ́kọ́ yí padà sí pátákó. Ó gbé pẹ́ńsù rẹ̀.

"Mà," ó ní, "ẹ ò tíì kọ ìyókù."